Báwo ni a ṣe ń kọ àlàyé API tí aṣojú AI yóò lè lò láìṣìnà?

Akọ̀wé-Kàbà béèrè:

Ẹ̀yin ará mi, òkun o. Mo ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní Kàbà, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kó kaṣú wá láti Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà. Ẹgbẹ́ náà ní API tirẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń bá ètò wa sọ̀rọ̀, tí ó ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, iye ẹrù tí ó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, iye tí a ń ra kílò kan àti owó tí a ti san fún olúkúlùkù. Ìwé àlàyé rẹ̀ wà nínú fáìlì OpenAPI, ìyẹn ìlànà kan fún kíkọ àlàyé API, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe áàpù fún wa sì ti ń lò ó láìsí wàhálà.

Ní àkókò kaṣú tó kọjá, a so API náà mọ́ aṣojú AI kan, ìyẹn ètò tí ó máa ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ènìyàn, tí yóò yan irinṣẹ́ tí ó rò pé ó yẹ, tí yóò sì pè é fúnra rẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí àwọn akọ̀wé ibùdó lè béèrè ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì rí ìdáhùn gbà láìdúró de ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà. Fáìlì kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lò ni a gbé fún un.

Ó ń dáhùn àwọn ìbéèrè kan dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣìnà níbi tí ènìyàn wa kankan kì í ti í ṣìnà. A ní irinṣẹ́ méjì, `get_price` àti `price_list`. Èyí àkọ́kọ́ ń mú iye tí ẹgbẹ́ ń ra kaṣú lọ́wọ́ àgbẹ̀ wá, èkejì sì ń mú iye tí ẹgbẹ́ ń tà á fún àwọn oníbàárà ńlá wá. Nínú fáìlì wa, ohun tí ó wà lábẹ́ àkọ́kọ́ ni "Ó ń mú iye owó wá", ohun tí ó sì wà lábẹ́ èkejì ni "Àkọsílẹ̀ iye owó". Aṣojú náà a máa pe ọ̀kan nígbà tí ó yẹ kí ó pe èkejì. Bákan náà, akọ̀wé kan tí ó jókòó sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ béèrè iye ẹrù tí ó wà ní "Ayétòrò", ti Ayétòrò-Kírí ni aṣojú náà sì mú wá fún un. Ní ti ìwọ̀n ẹrù, ààyè tí a pè ní `qty` ni a ń kọ ọ́ sí. Aṣojú náà rí 40 níbẹ̀, ó sì sọ fún akọ̀wé pé kílò 40 ni, bẹ́ẹ̀ àpò 40 ni.

Ṣé mọ́dẹ́ẹ̀lì (ọpọlọ AI tí aṣojú fi ń ronú) tí ó lágbára ju èyí lọ ni a nílò, tàbí ìwé àlàyé wa ni kí a tún kọ? Bí ó bá jẹ́ ìwé ni, kí ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n-Ìsánlú fèsì:

Òkun o, àbúrò. Ìwé àlàyé ni kí ẹ tún kọ. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ó lágbára jù lè dín àṣìṣe kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe mọ̀ pé àpò ni `qty` yín ń kà nígbà tí kò sí ibi kankan tí ẹ ti kọ ọ́.

Ẹ wo bí àwọn ọ̀dọ́ yín ṣe mọ API náà lò. Wọ́n ka fáìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún wọ ọ́fíìsì yín, wọ́n fojú rí àpò kaṣú, wọ́n sì pe ẹnì kan lórí fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá rú wọn lójú. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kò sí nínú fáìlì náà rárá. Aṣojú AI ní tirẹ̀ dà bí àlejò tí ó wọ ọjà tí kò sì lè bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí a bá kọ sára ẹrù nìkan ni ó ní láti gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú Model Context Protocol, ìlànà fún síso aṣojú AI mọ́ irinṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì fi ń yan irinṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀, àlàyé rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ àwọn ààyè rẹ̀ ní JSON Schema, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ààyè kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí mọ́dẹ́ẹ̀lì fi ń pe irinṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ṣí sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 rí. Kóòdù tí ó wà lẹ́yìn irinṣẹ́ kò hàn sí i, ohun tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ kò sì hàn sí i.

Nítorí náà, àlàyé tí ó ní gbólóhùn kan ṣoṣo kò tó. Lábẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ohun tí ó ń ṣe, ìgbà tí ó yẹ kí a pè é, ìgbà tí kò yẹ kí a pè é, àti irinṣẹ́ tí ó yẹ kí a pè dípò rẹ̀. Ìgbà tí kò yẹ kí a pè é ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ níbi tí irinṣẹ́ méjì ti fara jọra, òun gan-an ni ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí èmi bá ni mo fẹ́ kọ ti iye owó yín, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Irinṣẹ́ yìí ń sọ iye náírà tí ẹgbẹ́ ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kan kaṣú tútù tí a kò tíì pa, ní ibùdó kan, ní ọjọ́ kan. Pè é nígbà tí àgbẹ̀ tàbí akọ̀wé ibùdó bá béèrè iye tí a ń ra kaṣú. Má ṣe pè é fún iye tí ẹgbẹ́ ń ta kaṣú fún oníbàárà. `get_sale_price` ni kí o pè fún ìyẹn. Owó tí ó ń mú wá kò ní owó ọkọ̀ nínú. Bí a kò bá tíì gbé iye owó kalẹ̀ fún ọjọ́ náà, yóò mú iye tí a gbé kalẹ̀ kẹ́yìn wá pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀; sọ ọjọ́ náà fún ẹni tí ó béèrè."

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tí ó kẹ́yìn. Iye kaṣú lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀, aṣojú tí kò bá sì mọ̀ pé iye àná ni òun dì mọ́wọ́ yóò sọ ọ́ fún àgbẹ̀ bí ẹni pé ti òní ni. Ẹ tún yí orúkọ àwọn irinṣẹ́ náà padà. `get_farm_buying_price` àti `get_sale_price` ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí aṣojú tó ka àlàyé rárá.

Ní ti Ayétòrò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ibùdó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ bí ó ṣe wù ú. Ẹ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, kí ẹ sì to gbogbo kóòdù náà sínú `enum`, ìyẹn àkójọ àwọn ohun tí ààyè náà lè gbà, kí aṣojú má baà lè fi ohun tí kò sí nínú wọn ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé ààyè náà pé Ayétòrò méjì ni ó wà, ti Gbẹ̀dẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú àti ti Kírí ní Kàbà-Bùnú, àti pé bí ẹni tí ó béèrè kò bá sọ èyí tí ó ń fẹ́, kí aṣojú béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pe irinṣẹ́. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìsánlú tèmi nìkan kọ́ ni Ìsánlú. Ìsánlú-Ìsin wà ní Kwara, ẹni tí ó ń bá ọkọ̀ ẹrù sọ̀rọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

`qty` kò gbọdọ̀ wà mọ́. Ẹ fi ìwọ̀n sínú orúkọ ààyè fúnra rẹ̀: `weight_kg` tàbí `bag_count`. Bí àwọn ibùdó kan bá ṣì ń fi módù wọn nǹkan mìíràn bí ẹ̀wà tàbí àgbàdo, ààyè tirẹ̀ ni kí ó ní, pẹ̀lú àlàyé pé aṣojú kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ yí módù padà sí kílò. Owó náà ńkọ́? Paystack, fún àpẹẹrẹ, a máa gba iye owó ní kọ́bọ̀, nítorí náà bí ètò yín bá ń bá irú API bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ kọ `amount_kobo` tàbí `amount_naira` gbangba. Ọjọ́ pẹ̀lú: 04/03/2025 lè jẹ́ oṣù kẹta, ó lè jẹ́ oṣù kẹrin. Ẹ ní kí gbogbo ọjọ́ wá ní 2025-03-04, kí ẹ sì sọ pé "òní" jẹ́ òní ní aago Nàìjíríà, tí ó fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n. Bí sáfà yín (kọ̀ǹpútà tí API náà wà lórí rẹ̀) bá ń ka UTC, ìbéèrè tí ó wọlé ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ní Kàbà yóò bọ́ sí ọjọ́ tí ó ṣíwájú.

Ọmọ-Ìyàrá fèsì:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni èsì àṣìṣe, nítorí pé ìwé àlàyé ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni aṣojú ń kà á.

Àpẹẹrẹ kan ni kí ibùdó tí kò sí mú 200 wá, ìyẹn nọ́ńbà tí sáfà fi ń sọ pé gbogbo nǹkan lọ dáadáa, pẹ̀lú àkójọ òfo. Ènìyàn tí ó bá rí òfo yóò fura pé òun ti ṣi orúkọ kọ. Aṣojú yóò sọ pé ẹrù ti tán ní ibùdó náà, yóò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀: ibùdó tí ó wà tí kò ní ẹrù mú òdo wá, ibùdó tí kò sí sì mú 404 wá, ìyẹn nọ́ńbà tí ó túmọ̀ sí pé a kò rí ohun tí a béèrè. Nínú èsì náà, ẹ sọ ohun tí ó kùnà àti ohun tí a lè ṣe sí i, irú bíi "Kò sí ibùdó tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ AYT. Àwọn tí ó sún mọ́ ọn ni AYT-GBD àti AYT-KIR. Béèrè èyí tí ẹni náà ń fẹ́." Ìlànà kan wà fún bí a ṣe ń to irú èsì bẹ́ẹ̀, RFC 9457 (RFC ni àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) ti ọdún 2023, tí ó rọ́pò RFC 7807 ti ọdún 2016, ààyè `detail` inú rẹ̀ ni ibi tí irú gbólóhùn yìí ń gbé. Bí ìbéèrè bá sì pọ̀ jù tí ẹ dá 429, nọ́ńbà fún ìbéèrè tí ó pọ̀ jù, padà, ẹ fi `Retry-After` sí i, kí aṣojú lè mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò dúró, kí ó má baà máa kan ilẹ̀kùn láìdáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà, èyí tí àwọn tí kì í kọ Yorùbá kì í rò. Lẹ́tà "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí "ẹ" tí a fi àmì òkè kún, a sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí "e" lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè kún. Méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà wọn kì í ṣe ohun kan náà. Orúkọ àgbẹ̀ tí fóònù kan kọ sílẹ̀ lè ṣàì jọ èyí tí aṣojú fi ránṣẹ́, wíwá á yóò sì kùnà láìsí ìdí tí ojú lè rí. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tí ó ń sọ irú ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan, kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀ àti kí ẹ tó wá a. Ẹ jẹ́ kí ìwákiri gba orúkọ tí kò ní àmì pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àlàyé irinṣẹ́ náà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe, kí aṣojú má baà máa dá àmì tirẹ̀ sórí orúkọ olórúkọ.

Akọ̀wé-Kàbà béèrè:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ohun méjì ni ó kù tí ó ń dà mí láàmú. A ní irinṣẹ́ kan, `record_payment`, tí ó ń san owó fún àgbẹ̀ láti inú àpò ẹgbẹ́. Àwọn alákòóso fẹ́ kí aṣojú lè lò ó, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé àlàyé tí ó péye tó láti dáàbò bò ó? Èkejì, ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ àwọn àlàyé náà ni, tàbí Gẹ̀ẹ́sì?

Olùkọ́-Lọ́kọ́jà fèsì:

Ẹ̀rù yín tọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àlàyé nìkan yóò ṣọ́ owó. Àlàyé ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ fún aṣojú. Sáfà ni ó ń dènà ohun tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń já. Aṣojú pe `record_payment`, owó lọ, ṣùgbọ́n ìlà já kí èsì tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé kò rí èsì lọ, nítorí náà yóò tún un pè. Kí àgbẹ̀ kan má baà gba owó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kí sáfà sì dá èsì àkọ́kọ́ padà nígbà tí nọ́ńbà kan náà bá tún wọlé, láìsan owó mìíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé kedere pé nọ́ńbà kan náà ni kí aṣojú lò nígbà tí ó bá ń tún ìbéèrè kan náà pè, kí ó má sì ṣe ṣẹ̀dá tuntun. Bí gbólóhùn yìí kò bá sí níbẹ̀, aṣojú lè fi nọ́ńbà tuntun pè é ní ẹ̀ẹ̀kejì, ètò náà kò sì ní dáàbò bo ohunkóhun.

Model Context Protocol ní àwọn àmì tí a lè fi sára irinṣẹ́: `readOnlyHint` fún èyí tí ó ń kà nìkan, `destructiveHint` fún èyí tí ó lè ba nǹkan jẹ́, `idempotentHint` fún èyí tí a lè tún pè láìsí ìpalára. Ẹ lò wọ́n, wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìtọ́kasí lásán ni wọ́n jẹ́. Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé n óò pín irinṣẹ́ náà sí méjì. `prepare_payment` yóò kọ ohun tí a fẹ́ san sílẹ̀, aṣojú sì lè pè é. Akápò ẹgbẹ́ ni yóò fọwọ́ sí i láti inú áàpù tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ API tí aṣojú dì mọ́wọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí sáfà fi ń mọ ohun tí ó ní àṣẹ láti ṣe, kò sì ní ní àṣẹ ìfọwọ́sí náà rárá. Nínú àlàyé `prepare_payment`, ẹ sọ pé owó kò tíì lọ, kí aṣojú má baà sọ fún àgbẹ̀ pé a ti sanwó fún un. Irọ́ tí aṣojú pa láìmọ̀ lórí owó lè ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ ju àṣìṣe ẹ̀rọ lọ.

Ohun kan tún wà tí ó sún mọ́ èyí. Bí API yín bá ní ààyè tí àwọn ènìyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí bí ó ṣe wù wọ́n, irú bí àlàyé lórí ẹrù, ẹ rántí pé aṣojú yóò ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ àṣẹ sí i, kí aṣojú sì rò pé ọ̀gá rẹ̀ ni ó pàṣẹ. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ni ààyè náà ń mú wá, pé aṣojú kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé àṣẹ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò gbà yín lọ́jọ́ tí kò bá gbọ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè sanwó.

Ní ti èdè, orúkọ irinṣẹ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní lẹ́tà tí kò ní àmì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò kì í gbà ju lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, àti ìlà kékeré (bíi _) lọ. Àlàyé lè wà ní èdè tí àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ mọ̀ kọ dáadáa. Bí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ bá yàn, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀wé yín ń sọ lẹ́nu sínú rẹ̀, kaṣú, àpò, módù, ibùdó, kí aṣojú lè mọ ààyè tí ìbéèrè ń tọ́ka sí nígbà tí ó bá gbọ́ wọn.

Ará-Mọ̀pà fèsì:

Mo gba gbogbo ohun tí a ti sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún gígùn rẹ̀. Gbogbo àlàyé irinṣẹ́ ni ó sábà máa ń wọ iwájú mọ́dẹ́ẹ̀lì kí ìbéèrè tó dé, ó ń gba àyè, ó sì ń gba owó. Ẹ má kó gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì OpenAPI fún aṣojú. Àwọn irinṣẹ́ tí áàpù fi ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, tí ó fi ń gbé àwòrán wọlé, kò kan akọ̀wé tí ó ń béèrè iye ẹrù. Ẹ yan èyí tí iṣẹ́ wọn nílò, kí ẹ sì kọ àwọn wọ̀nyẹn dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì tí irinṣẹ́ ń mú wá. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá pọ̀, ẹ má da gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú díẹ̀ wá, pẹ̀lú iye gbogbo wọn àti bí a ṣe lè béèrè èyí tí ó kù; bí èsì kò bá sọ pé ó kù, aṣojú yóò rò pé ohun tí òun rí ni gbogbo rẹ̀, yóò sì ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́nà tí kò péye.

Ẹ̀gbọ́n-Ìsánlú fèsì:

Òótọ́ ni Ará-Mọ̀pà sọ. Níbi tí mo ti sọ pé kí ẹ kọ púpọ̀, ohun tí ó ń ya irinṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni mò ń sọ; ẹ kò nílò láti ṣàlàyé ohun tí orúkọ ààyè ti sọ tán.

Akọ̀wé-Kàbà, ẹ kó àwọn ìbéèrè tí àwọn akọ̀wé ibùdó ti béèrè jọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe béèrè wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kù àti orúkọ tí wọ́n ṣì kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ irinṣẹ́ tí ó yẹ kí aṣojú pè àti ohun tí ó yẹ kí ó fi sínú ààyè kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ kọ pé ńṣe ni ó yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ padà. Nígbàkigbà tí ẹ bá yí àlàyé kan padà, ẹ tún gbé gbogbo ìbéèrè náà fún aṣojú, nítorí pé gbólóhùn tí ó tún irinṣẹ́ kan ṣe lè fa ìbéèrè kúrò lọ́wọ́ irinṣẹ́ mìíràn. Kí àlàyé náà sì wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú kóòdù tí ó ń ṣàlàyé, kí ẹni tí ó bá yí ìwọ̀n padà láti àpò sí kílò lè rí i níwájú rẹ̀ pé àlàyé náà gbọ́dọ̀ yí padà lọ́jọ́ kan náà.